Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ta ló wà nítòsí rẹ?

Lọ́jọ́ Ojúde Ọba 2024, ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, mo tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré sí àǹtí mi lórí WhatsApp: "Ibo lẹ wà?" Àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí fóònù mi kún dẹ́múdẹ́mú. Síbẹ̀, aago kékeré tí WhatsApp máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò tíì lọ kò kúrò níbẹ̀. Mo gbé fóònù sókè, mo gbé e sílẹ̀, mo pa dátà, mo tún tàn án. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ń kọjá nínú aṣọ ẹgbẹ́jọdá, ìlù ń dún, àwọn ìdílé Balógun ń bọ̀ lórí ẹṣin tìbọn-tìbọn, aago náà kò mira. Aago márùn-ún ku díẹ̀ ni fóònù àǹtí mi dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú mọ́tò tó ń gbé wa lọ sílé. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lò ń béèrè ibi tí mo wà?"

Nígbà tí a jókòó ṣírò rẹ̀, àǹtí mi kò jìnnà sí mi tó igba ẹsẹ̀ bàtà ní gbogbo ọ̀sán yẹn. Abẹ́ àtíbàbà ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n wà, èmi wà lẹ́bàá ibi tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń gbà wọlé. Àwọn tó wà láàárín wa kò lóǹkà, gbogbo wọn ló sì di fóònù mú torí fídíò ni wọ́n ń yà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí mo kọ kò lè gba àárín wọn kọjá. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gòkè lọ bá máàsì, òpó gíga tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà wá, kí ó gba inú okùn abẹ́ ilẹ̀ dé Èkó, kí ó gba abẹ́ òkun lọ bá kọ̀ǹpútà WhatsApp nílẹ̀ òkèèrè, kí ó tún yí padà wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, kí ó tó bọ́ sínú báàgì àǹtí mi.

Máàsì kì í ṣe ẹbọra. Iye ènìyàn tó lè dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà ní gbèdéke. Èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àdúgbò kan lọ́jọ́ lásán ni gbogbo Ìjẹ̀bú tilé-toko, pẹ̀lú àwọn àlejò wọn, wá rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àmì tó kún lórí fóònù ń sọ fún ọ pé o gbọ́ máàsì. Kò sọ pé máàsì gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti tún wá di ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ lọ́dún 2026 yìí. Ní oṣù January, nígbà tí ìdìbò ààrẹ Uganda ku ọjọ́ méjì, ìjọba ibẹ̀ gé íntánẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n tó gé e ni àwọn ará Uganda ti ń rọ́ gba áàpù kan tó ń jẹ́ Bitchat sórí fóònù wọn, èyí tó ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà, láìsí síìmù. Kò pẹ́ tí ìròyìn rẹ̀ fi dé gúrúùpù WhatsApp rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tiwa. Ẹnìkan ní kí gbogbo wa tètè gbà á kí ìdìbò 2027 tó dé, pé bí gbogbo máàsì bá wó lulẹ̀, ará Ìjẹ̀bú-Òde yóò ṣì máa bá ará Ṣágámù sọ̀rọ̀. Bọ̀dá kan dáhùn pé iṣẹ́ èṣù ni. Ẹlòmíràn béèrè pé èló ni wọ́n ń tà á. (Ọ̀fẹ́ ni.) Òtítọ́ wà nínú ohun tí ẹni àkọ́kọ́ sọ, ṣùgbọ́n kò dé Ṣágámù.

Pé ìjọba lè pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ṣe àlá. Ní 2013, nígbà òfin pàjáwìrì, fóònù dákẹ́ ní Borno, Yobe àti Adamawa. Ní September 2021, wọ́n ní kí wọ́n pa gbogbo máàsì Zamfara nítorí àwọn agbébọn. Ti Twitter tí wọ́n fòfin dè láti June 2021 títí di January 2022 yàtọ̀ sí ìyẹn, torí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, VPN, áàpù tó ń fi ibi tí ènìyàn wà pamọ́, ni àwọn ọmọ wa fi ń yọ́ wọlé. Ṣùgbọ́n ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ìjọba kọ́ ló ń fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì dù wá lójoojúmọ́. Katapílà tó ń ṣe ọ̀nà ló ń já okùn. Olè ló ń jí bátìrì àti dísẹ́ẹ̀lì nídìí máàsì. Ní 14 March 2024, abẹ́ òkun nítòsí Abidjan ni okùn mẹ́rin ti bàjẹ́ pa pọ̀, tí báǹkì àti P.O.S. fi ń kọṣẹ́ káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà.

Ẹni tó bá ti ní fóònù ṣáájú kí dátà tó di ti gbogbo ayé mọ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ẹ rántí Nokia tó ní infrared: a máa ń gbé fóònù méjì kọjú síra bí àgbò tó fẹ́ kàn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mí títí orin yóò fi wọlé tán. Lẹ́yìn náà ni Bluetooth dé, tí wọ́n fi orúkọ ọba Denmark ayé ọjọ́un kan sọ. Lẹ́yìn Bluetooth ni Xender, tí àwọn ọmọ fi ń gbé odidi fíìmù fún ara wọn nínú ọkọ̀ láìná kọ́bọ̀. Fóònù sí fóònù ni gbogbo rẹ̀. Kò sí máàsì níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi wá pé ṣé dátà wa ti parí.

Ohun tuntun tó wọ̀ ọ́ ni ẹni kẹta. Nínú Xender, èmi àti ìwọ nìkan ni. Bí o bá ti kúrò nítòsí, ó tán. Nínú àwọn áàpù ìsinsìnyí, fóònù tó wà láàárín wa máa ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi, á sì nà án sí fóònù tó tẹ̀ lé e, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bluetooth tèmi kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ láé. Àwọn tó ṣe é ń pè é ní àwọ̀n, orúkọ náà sì bá a mu. Nínú àwọ̀n apẹja, kò sí kókó kan tó jẹ́ ọ̀gá. Bí okùn kan bá já, ẹja lè má bọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a ń san owó rẹ̀, igi àgbọn ni: kí gbogbo imọ̀ tó wà lókè tutù tó, ìdí kan ló dúró lé, ẹni bá gé ìdí ti gé gbogbo rẹ̀.

Bitchat ní gbèdéke tirẹ̀: ọwọ́ méje ni ọ̀rọ̀ kan lè gbà kọjá. Bí kò bá rí ẹni tí wọ́n rán an sí lẹ́yìn ọwọ́ keje, ó kú síbẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi fi ààlà sí i ni pé, bí fóònù kọ̀ọ̀kan bá ń tún gbogbo ohun tó gbọ́ sọ títí láé, ariwo yóò bo ọjà, bátìrì gbogbo wa yóò sì kú kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ìbéèrè tí àǹtí mi bi mí nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún wọn nìyí: "Ṣé gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ mi bá gba ọwọ́ wọn kọjá ni yóò kà á ni?" Ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó fi ìkéde sí gúrúùpù wa ti bi ara rẹ̀ nìyẹn. Mo fi àrokò dá wọn lóhùn. Láyé àwọn baba wa ní Ìjẹ̀bú, ẹni tí wọ́n bá di owó ẹyọ mẹ́fà lé lọ́wọ́ lè gbé e la ìlú mẹ́ta kọjá. Ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ló mọ̀ pé ẹfà ni, pé ọkàn ẹni tó rán an fà sí òun. Bí o bá gba àpò lọ́wọ́ ẹni tó gbé e, owó ẹyọ lo rí. Kọ́kọ́rọ́ tí áàpù fi ń ti ọ̀rọ̀ pa ń ṣe irú iṣẹ́ yìí: ọ̀rọ̀ tí o kọ sí ẹnìkan á di ìdàrúdàpọ̀ lẹ́tà nínú fóònù àwọn tó wà láàárín, fóònù ẹni tó ni ín nìkan ló lè tú u. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ni mo ń sọ o. Ohun tí o bá kọ sí ojúde gbogbogbòò nínú áàpù náà, gbogbo ẹni tó wà nítòsí ló ń kà á, ọlọ́pàá wà nínú wọn, àna rẹ náà wà nínú wọn.

Àwọn tó ti lo irú nǹkan yìí ṣáájú wa ti fi ara gbá a. Ní 2014 ni FireChat jáde, inú ọdún kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ Hong Kong gbé e lọ sí ìta níbi ìfẹ̀hónúhàn alágbòòrùn. Gbangba ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nígbà náà. Ní 2019, ìlú kan náà, Bridgefy ni wọ́n gbà. Nígbà tó di 2020, àwọn olùwádìí láti Royal Holloway, tó jẹ́ ara Yunifásítì London, tú Bridgefy wò, wọ́n rí i pé wọ́n lè ka ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, wọ́n lè díbọ́n pé àwọn ni ẹlòmíràn, àti pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a bá dọ́gbọ́n sí lè dá gbogbo àwọ̀n náà dúró. Ilé-iṣẹ́ náà pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ní 2022, àwọn olùwádìí tún já a. Láàárín méjèèjì, ní February 2021, àwọn ará Myanmar ti rọ́ gbà á nígbà tí àwọn ológun gbàjọba. Ẹni tí ilé ń jó kì í yẹ omi wò kó tó bù ú.

Bitchat ní tirẹ̀, Jack Dorsey, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Twitter sílẹ̀, ló gbé e jáde ní July 2025. Ìwọ̀nba ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ti rí ihò tí ẹnìkan fi lè gbé orúkọ ẹlòmíràn wọ̀, Dorsey fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé amòye kankan kò tíì yẹ ààbò rẹ̀ wò. Wọ́n ti ń tún un ṣe láti ìgbà náà wá. Mo fẹ́ràn Briar, áàpù mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, jù ú lọ, èmi. Ó ti wà láti 2018, wọ́n ti jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde, kò sì gbà kí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ gba ọwọ́ àjèjì. Ẹ̀yin méjì gbọ́dọ̀ ti di ojúlùmọ̀ kí fóònù yín tó bára wọn sọ̀rọ̀, ọ̀nà tó sì dára jù ni kí ẹ pàdé lójúkojú, kí fóònù kọ̀ọ̀kan ya àwòrán àmì tó wà lójú èkejì. Ìwà Ìjẹ̀bú pátápátá: kò sí ẹni tí à ń yá lówó láìmọ agbo ilé rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí ti iPhone.

Kí n má baà máa sọ ohun tí mo kà nìkan, mo ko fóònù mẹ́rin jọ lọ́jọ́ Sátidé kan: tèmi, ti àbúrò mi, ti akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa. A fi Bitchat sí gbogbo wọn. Ní títì tó lọ gbọọrọ, tí kò sí ohunkóhun láàárín, tèmi àti ti àbúrò mi gbọ́ra títí dé bí ogójì ìgbésẹ̀. A wọ inú ilé bàbá wa àgbà, ilé alámọ̀ tí ògiri rẹ̀ nípọn, ọ̀rọ̀ kú sí ara ògiri kejì. A fi akẹ́kọ̀ọ́ kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìkejì sẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, mo lọ dúró sí òdìkejì títì, mo kọ "Ẹ̀bà ti tutù" sí àbúrò mi tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ó dún lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Inú gbogbo wa dùn bí ẹni pé àwa la ṣe é.

Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. A wá ìdí títí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti ti fóònù rẹ̀ bọ àpò, ojú fóònù ti kú, fóònù náà sì ti dá Bitchat dúró lẹ́yìn rẹ̀ láti fi bátìrì pamọ́. Àwọn fóònù Android olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí áàpù tí a kò bá dìídì fún láyè. iPhone náà kì í jẹ́ kí Bluetooth áàpù rìn fàlàlà lẹ́yìn aṣọ. Ohun tí kò sí nínú ìkéde WhatsApp nìyẹn. Kì í ṣe iye fóònù tó wà láàárín wa ló ṣe pàtàkì, iye tó jí ni. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì tí ìyá àgbà ń lò kò sí nínú ìṣirò rárá.

Ó wá kan Ṣágámù. Láti Ìjẹ̀bú-Òde débẹ̀ tó bí ogójì kìlómítà. Bí a bá ní mítà ọgbọ̀n ni Bluetooth kan ń gbà lójúlówó, ọwọ́ méje kò ju mítà igba ó lé mẹ́wàá lọ. Láti dé Ṣágámù, a nílò ẹgbẹ̀rún kan ó lé ọ̀ọ́dúnrún fóònù tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí igi iná, tí gbogbo wọn jí, tí áàpù kan náà sì wà lórí wọn, kí gbèdéke ọwọ́ méje tó wá dá wa dúró. Kò ṣeé ṣe.

Ohun tó ṣeé ṣe ni kí fóònù gbé ọ̀rọ̀ rìn. Awakọ̀ tó gbéra ní Ìjẹ̀bú-Òde lè gba ọ̀rọ̀ sínú fóònù rẹ̀ ní gáréèjì láìmọ̀, kí ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ fún fóònù àkọ́kọ́ tó bá bá pàdé ní Oríta Ṣágámù. Nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní agbègbè Ratanakiri ní Cambodia: ọ̀kadà tó gbé àpótí Wi-Fi sẹ́yìn ń kọjá níwájú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ abúlé, ó ń gba lẹ́tà wọn, ó ń fún wọn ní èyí tó dé, ó sì ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì wà. Bí a bá ní ọ̀nà Abígí sí Ìjẹ̀bú-Òde ni a fẹ́ ṣe é sí, àwọn ọlọ́kadà tí yóò ṣe é wà nílẹ̀.

Mo dárúkọ Abígí torí ọ̀nà Ogun Waterside, agbègbè etí omi tí Abígí wà, ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń fi ojú ènìyàn rí màbo jù ní ìpínlẹ̀ wa lápá ibí. Ìbátan mi kan wà ní Mákun-Omi. Nígbà tí mo lọ kí i, mo ṣí Bitchat létí omi. Áàpù náà máa ń kọ iye ènìyàn tó rí nítòsí sókè. Òdo ló kọ. Mo rìn gba àárín ilé, òdo. Ibi tí a ti nílò rẹ̀ jù ni kò ti ní ènìyàn tó máa gbé e. Ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́ dáadáa ni ibi tí ènìyàn ti há: họ́sítẹ̀lì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lẹ́bàá Ògèrè, àti Ojúde Ọba. Níbẹ̀ náà, kò ní lọ geere. Omi ló pọ̀ jù nínú ara ènìyàn, omi sì máa ń gbé ìgbì Bluetooth mì. Irú ìgbì kan náà ni máíkíróweefù fi ń mú ọbẹ̀ gbóná. Fóònù tí o gbé sókè yóò gbọ́ ju èyí tó wà lábẹ́ agbádá lọ.

Ojúde Ọba yìí kan náà ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ rò ó wò: ojúde gbogbogbòò inú áàpù, kò sí nọ́ńbà fóònù, kò sí ádímìn, mo sì lè pe ara mí ní Balógun. Kí ọmọ aláìnírònú kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹṣin kan ti já lápá ẹnu ọ̀nà, ní wákàtí tí ìbọn ń dún, tí ẹnikẹ́ni kò lè pe ẹnikẹ́ni láti wádìí. Ọ̀rọ̀ náà yóò yára ju ẹṣin lọ. Lórí WhatsApp, ó kéré tán, mo mọ ẹni tó gbé irọ́ wá, mo sì lè pè é kí n bú u.

Ẹni tó bá rò pé èyí yóò tún ti P.O.S. ṣe náà, kí ó má dúró dè é. Owó gbọ́dọ̀ bá báǹkì sọ̀rọ̀, báǹkì kò sì sí nínú àpò ẹni tó dúró tì ọ́.

A ti bá a débì kan nínú ẹgbẹ́ wa. Ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló gbà láti fi Briar sórí fóònù wọn kí Ojúde Ọba tó ń bọ̀ tó dé, a ó sì pàdé ní ọgbà ẹnìkan láti ya àmì ara wa, torí lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti lọ kò sí ibi tí a ó ti gba áàpù mọ́. Àwọn tó ń lo iPhone ní àwọn kò lè tìtorí èyí ra fóònù mìíràn, nítorí náà wọ́n gba Bitchat, a sì kìlọ̀ fún wọn pé ayédèrú rẹ̀ ti jáde. Ìyàwó bọ̀dá tó pè é níṣẹ́ èṣù wà lára àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun tó fa àríyànjiyàn jù ni pé àwọn fóònù Android tó ti pẹ́ díẹ̀ máa ń béèrè láti mọ ibi tí o wà kí wọ́n tó jẹ́ kí Bluetooth wá ẹlòmíràn. Ẹnìkan ní, "Ẹ ní kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ló wá fẹ́ fi ibi tí mo wà ṣe?" A lo bí ìdajì wákàtí lórí ìyẹn nìkan.

Bitchat ṣì wà lórí fóònù mi. Lálẹ́ àná, iná lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà tẹ̀ lé e, mo sì ṣí i nínú òkùnkùn lẹ́yìn Ìtòrò níbi tí mò ń gbé. Ó ní ènìyàn kan wà nítòsí. Anon ni orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́rin tí áàpù fún un, kò pààrọ̀ rẹ̀. Mo wo ojú fèrèsé, gbogbo ilé ṣókùnkùn. Mo kọ ọ́ pé, "Ẹ kú alẹ́ o." Kò dáhùn. Ó pẹ́ díẹ̀, iye náà padà sí òdo.